Àárò Ilé àti Ilé Àjùmọ̀ní: Ìtàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí gbà pé ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ fún arìnrìn-àjò: nígbà tí ọjà bá tú, tàbí tí àárò bá sọ ọ́ kọjá bí ó ti yẹ, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì padà. Ṣùgbọ́n irú arìnrìn-àjò kan wà tí ọ̀ràn rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó la òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àtijọ́ kò lè padà nígbà tí ó bá wù ú. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò lò níbẹ̀. Owó ìyá àti bàbá, tàbí owó ẹbí àti ará ìlú, ni wọ́n fi rán an lọ. Bí ó bá sì padà lọ́wọ́ òfo, ojú yóò tì í láti wọ ìlú. Kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi àárò ilé ṣe, nígbà tí kò ṣeé ṣe fún un láti fi pípadà wò ó sàn?

Ìtàn fún wa ní èsì tí ó ṣe kedere. Wọ́n kọ́ ilé sí ìdálẹ̀. Bí àjò wọn sì ti ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ ilé ń gbòòrò sí i lọ́kàn wọn, títí ó fi kọjá agboolé, tí ó kọjá ìlú, tí ó sì kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Láti Ìgbàrà-Òkè dé Èbúté

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìgbàrà-Òkè ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúré, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Èkìtì. Ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún mọ agboolé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó ni ín. Ó mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀, ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ ni ó sì fi ń lá àlá. Iyán ni oúnjẹ, àwọn yòókù jẹ́ ìpanu lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fẹ́ ìwé gíga, àfi kí ó fi ilé sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ó lè kọ́kọ́ lọ sí Òǹdó, níbi tí a ti dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní 1919, tàbí kí ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ti kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà títí di 1948, nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá oyè gíga ní láti lọ sí Fourah Bay ní Sàró tàbí kí ó kọjá sí ìlú Òyìnbó. Méjèèjì ni Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ṣe: ó lọ sí Fourah Bay ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ni, ó sì padà wá di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀ ní 1947.

Ẹ wo ohun tí ìpele wọ̀nyí ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Ní Òǹdó, ẹni tí ó ti Ìgbàrà-Òkè wá nìkan ni ọmọ náà ń pè ní ará ilé. Nígbà tí ó bá dé Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ará Àkúré àti ará Èkìtì ti di ará ilé. Ní Freetown, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kí i ní Yorùbá ni ará ilé. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Elder Dempster a sì máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Èkó dé Liverpool. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ nínú òtútù, tí ó rí ará Gólúkóòsì kan tí ó dúró ti àpótí rẹ̀, yóò sún mọ́ ọn bí ẹni pé inú agboolé kan náà ni wọ́n ti wá. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti kúrò ní Ìgbàrà-Òkè ni àárò ti ń fẹ ògiri ilé rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn Tí Ó Ṣíwájú

Ìrìn-àjò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1826 ni a mú Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, láti Sàró lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì lọ sí ilé-ìwé ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀. Ọ̀ràn tirẹ̀ ṣe àrà ọ̀tọ̀, nítorí pé ogun àti òwò ẹrú ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó di akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó fi padà sílé yẹ ní àkíyèsí. Èdè ni. Ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá, àti Bíbélì tí ó tú pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni a lè pè ní ilé tí ó tún kọ́ dípò èyí tí ó jó.

Ní 1919, Fúnmiláyọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Ransome-Kuti, lọ sí Wincham Hall ní Cheshire, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1922. Frances Abigail ni orúkọ tí ó gbé lọ sí ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, níbi tí ènìyàn ìbá ti retí pé kí orúkọ Òyìnbó gbilẹ̀, ni ó ti pa á tì, tí ó sì yàn láti máa jẹ́ Fúnmiláyọ̀. Orúkọ ni ohun ìní ilé tí ó fúyẹ́ jù lọ láti gbé rìn. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn kò tíì ṣọnù pátápátá.

Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí

Ṣùgbọ́n èdè àti orúkọ kò tó fún ẹni tí kò rí ibi sùn. Èyí ni ó le jù nínú ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba ènìyàn dúdú sí yàrá, òfin kò sì dá wọn lẹ́kun. Ní 1943, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ láti gba Learie Constantine, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó pe òtẹ́ẹ̀lì náà lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1944. Gínì márùn-ún péré ni ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ojú rẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìgbàrà-Òkè dé? Òfin àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò jáde níbẹ̀ títí di 1965, kò sì kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé títí di 1968.

Àárò ilé kò dá dúró nígbà náà. Ìtìjú bá a wọlé. Ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kan yóò rántí ilé bàbá rẹ̀ bí kò ti rántí rẹ̀ rí, nítorí pé níbẹ̀ àlejò pàápàá kì í dúró síta.

Ṣólàńkẹ́ àti Ìbẹ̀rẹ̀ WASU

Ní 1922 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò lówó lọ́wọ́, àwọn tí ó mọ̀ kò sì pọ̀. Ní 1924, nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá nípa àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ̀wé pé àwọn ènìyàn Nàìjíríà ń jẹ ẹran ara ènìyàn títí di àìpẹ́. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà láti tako irọ́ yìí. Nínú àwọn tí ó dúró tì í ni Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà. Ní ọdún náà ni òun àti Ṣólàńkẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú Nàìjíríà, Ṣólàńkẹ́ sì fi oyè Ìyálóde dá obìnrin náà lọ́lá. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọmọ Ẹ̀gbá tí kò ní ìdílé ní Lọ́ńdọ̀nù fi oyè ilé rẹ̀ sọ obìnrin Jàmáíkà di ìbátan. Oyè náà kò ní ọjà tàbí àdúgbò tí ó ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún pàdé, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà, Dókítà Bankole-Bright ti Sàró wà lára àwọn tí ó gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀, J. B. Danquah ti Gólúkóòsì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Láti 1926 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn. Orúkọ rẹ̀ ni Wasu, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí iṣẹ́ oníwàásù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó jẹ Ṣólàńkẹ́ lógún ni ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ní 1928, Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní West Kensington fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a yá lò kì í ṣe ilé ẹni. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lo ọdún mẹ́ta gbáko láti ìlú dé ìlú, ní Nàìjíríà, Gólúkóòsì, Sàró àti Gáḿbíà, tí ó ń bẹ àwọn ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣòwò àti àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n dá owó ilé. Ẹni tí àárò ilé ń sọ padà sílé, kò sì jókòó síbẹ̀. Ó gba owó ilé lọ́wọ́ ará ilé láti fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1933 ni ilé náà ṣí ní ojúlé 62, Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1938 wọ́n kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ú lọ ní South Villas, ní ẹ̀bá Camden Square.

Ta Ni Yóò Ni Ilé?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò ibùgbé. Ní 1934, ilé iṣẹ́ tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ṣètìlẹ́yìn fún ilé mìíràn, Aggrey House, ní Doughty Street. Orúkọ ẹni rere ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé Aggrey ti Gólúkóòsì jẹ́ olùkọ́ tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀, WASU kọ̀ ọ́. Wọ́n kọ ìwé lòdì sí i, wọ́n sì rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n má ṣe wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí agídí lójú ẹni tí kò rò ó jinlẹ̀. Ẹni tí òtútù ń pa, tí onílé mẹ́ta ti lé padà, kí ló kàn án nípa ẹni tí ó dá iná tí ó fẹ́ yá? Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ sí Aggrey House; kò yẹ kí a dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù WASU ní ìdí. Ìjọba tí ó pèsè àga àti tábìlì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní ìdí tábìlì náà. Ilé tí ènìyàn kò ti lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde kò lè wo àárò sàn, nítorí pé lára ohun tí ó sọ ilé di ilé ni pé ọ̀rọ̀ kì í há sí ènìyàn lọ́fun níbẹ̀. Ìtàn sì gbè wọ́n lẹ́yìn dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí ó yá, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ran ilé WASU lọ́wọ́. Aggrey House ni wọ́n tì ní 1940.

Oúnjẹ, Ohùn àti Orin

Kí ni ẹni tí ó bá wọ ilé Camden yóò bá níbẹ̀? Yóò kọ́kọ́ bá Ọpẹ́olú, ìyàwó Ṣólàńkẹ́, tí wọ́n ń pè ní Màmá WASU. Òun ni ó ń bójú tó ilé àti oúnjẹ. Ìwé ìtàn a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ààrẹ àti akọ̀wé, ó sì máa ń yára kọjá lórí ẹni tí ó ń dáná. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí ó ń dín àárò kù ní alẹ́ ọjọ́ òtútù, bóyá ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò ṣíwájú ìwé òfin ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ohùn. Ní 1924, Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1926 ó kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, orin náà ti jáde sí ìgboro. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tí ó jẹ́ atukọ̀ ojú omi, kó àwọn onílù àti onígìtá jọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń yọ ayọ̀ òpin ogun ní Yúróòpù, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lu ìlù wọn láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Piccadilly Circus. Kò pẹ́ tí àwọn àwo orin rẹ̀ ní Yorùbá fi di ohun tí a ń tà. Ohun tí ènìyàn kan fi ń tu ara rẹ̀ nínú ní yàrá ti di ohun tí àjèjì ń jó sí.

Fágúnwà ní tirẹ̀ lo kálàmù. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun náà, ó sì tẹ apá kìíní ìwé Ìrìnàjò jáde ní 1949. Yorùbá ni ó fi ròyìn ilẹ̀ Òyìnbó fún àwọn ará ilé. Ẹni tí ó bá ń ro bí yóò ti sọ ohun tí ó rí fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ṣì wà.

Nígbà Tí Ilé Di Orílẹ̀-Èdè

Ohun tí kò sí ẹni tí ó retí ni pé ilé tí wọ́n kọ́ nítorí àárò yóò di ibi tí a ti ń tún ayé ṣe. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, tí ó wà nínú ìjọba Churchill, bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ WASU sọ̀rọ̀. Ó ní ìlérí òmìnira tí ó wà nínú Àdéhùn Àtìláńtíìkì kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn lágbàáyé. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Churchill sọ ohun mìíràn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì gbà ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní pàtàkì. WASU kò gbàgbé ìyàtọ̀ láàárín gbólóhùn méjèèjì. Ní 1942 wọ́n béèrè pé kí a fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìjọba ara rẹ̀ lábẹ́lé, kí òmìnira pátápátá sì tẹ̀lé e láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun.

Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó wá kọ́ ìmọ̀ òfin láti 1944 sí 1946, dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1945. Ní 1948 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn kan rí èyí bí ẹni pé a tún ń mú ògiri ilé wọlé, lẹ́yìn tí WASU ti sún un síta. Ṣùgbọ́n ó ṣeé wò ní ọ̀nà mìíràn. Fún ọmọ Ìgbàrà-Òkè tí kò ní ohun kan pọ̀ mọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú rí, ju kí wọ́n pàdé lọ́jà, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà pẹ̀lú jẹ́ ìgbòòrò. Èdè àìyedè láàárín ilé kékeré àti ilé ńlá tí wọ́n gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ni ó di ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè ńlá tí òṣèlú Nàìjíríà kò tíì parí ìdáhùn rẹ̀.

Ohun Tí Ó Ná Wọn

Kò yẹ kí a fi ìyìn bo ìpàdánù mọ́lẹ̀. Láàárín 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ tọkọtaya akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé Òyìnbó láti bá wọn tọ́ wọn, kí àwọn òbí lè rí àyè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì kàwé. Nílé, kò sí ohun àjèjì nínú kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, èdè yí padà lẹ́nu ọmọ, ojú òbí sì di ojú àlejò. Àwọn ọmọ náà ń ṣàárò ilé tí wọn kò mọ̀ rí, èyí sì le ju ti bàbá wọn lọ.

Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan sí i láti 1944 sí 1948, láti tún wá owó ilé. Nígbà tí ó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ìjà ti wọ inú ẹgbẹ́, agbára rẹ̀ níbẹ̀ sì ti dín kù. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ẹni tí ó kọ́ ilé fún gbogbo ọmọ tí ó ṣe àjò kò padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Òní

Àwọn ọmọ wa ṣì ń lọ. Bàálù ti gba ipò ọkọ̀ ojú omi, fóònù sì ń fi ojú ìyá han ọmọ lálaalẹ́. Síbẹ̀ àárò kò kú. Láti oṣù kìíní 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání, àfi àwọn tí ń ṣe ìwádìí fún oyè gíga àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ òní tún wà ní òun nìkan nínú yàrá, gẹ́gẹ́ bí Ṣólàńkẹ́ ti wà ní 1922.

Fóònù a máa gbé ohùn ilé wá, ṣùgbọ́n kò lè ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kò sì lè bu ọbẹ̀ fún un. Àwọn tí ó ṣáájú fi yé wa pé kì í ṣe àbùkù kí àárò ilé sọ ènìyàn, kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a gbé mì. Ó ń sọ fún ènìyàn pé kò yẹ kí ó dá gbé. Àwọn mọ́kànlélógún tí ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní 1925 kò lówó, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. Wọ́n wá ara wọn rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dá owó ilé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ní Ìgbàrà-Òkè àti ní Camden bákan náà.